Tíṣà Kì Í Tẹ̀ka

“Ẹ má wojú mi mọ́, Bàbá! Kò síyán! Ẹ pe ọmọ yín tó ń kọ́ àwọn ará Táílándì ní Gẹ̀ẹ́sì, kó wá gún un fún yín!”

Èjìdé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá ọkọ rẹ̀ ní Òmù-Èkìtì, lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó gbé abọ́ gààrí síwájú arúgbó náà, àtàǹpàkò rẹ̀ tí ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ti dá àpá sí lágbede méjì sì rì sínú omi gààrí. Kò bìkítà. Ó yí padà, kò pẹ́ tí odó fi ń dún lẹ́yìnkùlé. Iyán ọkọ rẹ̀ ló ń gún. Ẹ wo ìwà! Ẹni tó kọ́ ìdajì ìlú níwèé, gààrí tí kò ní ṣúgà ló ń mu lọ́jọ́ Ọlọ́run.

Tíṣà Ìbíkúnlé fa abọ́ náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì péré ló fi sílẹ̀ fún un: Ọlátúnjí àkọ́bí, ọkọ Èjìdé yìí, àti Moyọ̀sọ́rẹ àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ti ilé Tíṣà ti dàgbà, ó tilẹ̀ ti fẹ́yàwó. Mi ò sọ pé ìyá rẹ̀ ṣìnà o, ìwà ọmọ ni mò ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ nìyí. Moyọ̀sọ́rẹ parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Níkẹyìn ó rí iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Táílándì, ṣùgbọ́n kò sówó ọkọ̀ òfuurufú. Ni bàbá rẹ̀ bá fi oko kòkó tó wà lẹ́bàá odò dógò lọ́dọ̀ Ràṣídì, ọkùnrin tó ń ra kòkó ní Ọ̀yẹ́. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: Ràṣídì yóò máa ká kòkó náà jẹ títí ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá padà. Inú Ọlátúnjí kò dùn rárá.

“Èmi àkọ́bí, mò ń gun ọ̀kadà nínú òjò,” ló wí lọ́jọ́ náà. “Oko tó yẹ kí n jogún lẹ fi rán ọmọbìnrin lọ sókè òkun!”

“Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbà á padà,” Tíṣà dá a lóhùn. “Olùkọ́ ni.”

Àṣé olùkọ́ tọ̀hún kò sàn ju ti ibí lọ. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni owó dé déédéé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ni ilé-ìwé a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà á dé, á tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni Moyọ̀sọ́rẹ ń pe bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ìrẹsì àtẹyin ni mò ń jẹ láàárọ̀. Lálẹ́, ìrẹsì láìsí ẹyin. Àwa tíṣà mẹ́rin là ń dáwó san yàrá kan.”

“Máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣèlérí sínú ìwé, lójú wọn,” bàbá rẹ̀ ń kọ́ ọ. “Máa lọ aṣọ rẹ dáadáa. Bí wọ́n bá rí ìṣẹ́ lára rẹ, wọ́n á rò pé o ò níbòmíì lọ. Èmi náà ti kọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́jọ láìgba kọ́bọ̀. Ebi ò pa mí kú.”

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ìpè yẹn nìkan ni oúnjẹ ọkàn arúgbó náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, fóònù Tíṣà bọ́ sómi. Èjìdé ní òun yóò gbé e lọ fún alátùn-únṣe ní Ọ̀yẹ́. Fóònù lọ, kò bọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, orí Wasáàpù Ọlátúnjí nìkan ni ọ̀nà tó kù láàárín bàbá àtọmọ, ẹnu ọ̀nà náà ni Ọlátúnjí sì dúró sí.

“Ṣé Moyọ̀ pè?” Tíṣà á bèèrè.

“Kò pè. Wọn ò tíì sanwó fún un.”

Bó ṣe di oṣù kẹfà, keje, kẹjọ nìyẹn. Nígbà tó yá, Ọlátúnjí ní ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Tíṣà ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bèèrè pé ọmọ òkè òkun ńkọ́, á ní wọn ò tíì sanwó fún un. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ. Ó wá ń jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn, kó lè tètè jáde. Nígbà míì á rìn dé etí oko rẹ̀, á wo kòkó tó ń pọ́n, kò sì ní fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó fi oko dógò kì í wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tí ń bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe èyí tó ń bú u.

“Ẹ pe ẹbí jọ, kẹ́ ẹ sọ pé Moyọ̀sọ́rẹ kì í ṣọmọ yín mọ́,” Èjìdé wí lọ́jọ́ kan. “Ó ń jayé lọ́hùn-ún, ẹ ń jẹ ìyà níbí!”

“Èjìdé, tíṣà kì í pe tíṣà ní òpùrọ́ nítorí owó oṣù. Bó bá ní wọn ò san, wọn ò san.”

Ẹ ò rí i pé ìgbàgbọ́ bàbá yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mú un? Irọ́ tó bá sùn ti òótọ́, ó máa ń pẹ́ kó tó jí.

Ní oṣù kẹwàá, díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì tí Tíṣà ti ń retí fún ọdún mẹ́sàn-án wọlé. Kò sọ fẹ́nì kankan. Kò ra ẹran, kò ra bàtà. Ó kó owó náà sínú àpò ìwé àtijọ́, ó gun ọ̀kadà ẹlòmíì lọ sí Ọ̀yẹ́, kó lè gba oko sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bú ọmọ rẹ̀ mọ́.

Bí Ràṣídì ṣe rí i, ó sáré dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú.

“Tíṣà, ta ló mú yín wá? Ẹ rọra, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀.”

“Kí lo fi ń fà mí bí afọ́jú?”

Ràṣídì wo ojú rẹ̀. “Ṣé ẹ ń ríran ni?”

“Mò ń rí eyín rẹ tó jẹrà, tí mo ti ń bá ọ wí sí láti ìgbà tí mo ń kọ́ ọ ní kíláàsì kejì. Gba owó rẹ, kóo fún mi lóko mi.”

“Oko wo, Tíṣà? Ọlátúnjí ti san án láti oṣù kẹfà. Ó ní Moyọ̀sọ́rẹ gba owó oṣù mẹ́rin pọ̀, ó fi ránṣẹ́. Ó ní ojú yín ti fọ́, ẹ ti fi oko jìn òun. Mo ti fún un ní àsansílẹ̀ lórí kòkó ọdún yìí. Ìwé ọrẹ tó mú wá rèé.”

Tíṣà gba ìwé náà, ó kà á. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òun Ìbíkúnlé fi oko òun tọrẹ fún Ọlátúnjí títí láé. Ìtẹ̀ka aró kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilà funfun kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ti oko ló kọ́kọ́ dùn ún. Oṣù mẹ́rin ni Moyọ̀sọ́rẹ ti sanwó, oṣù mẹ́rin ni òun kò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ràṣídì, lọ́jọ́ tí mo fi oko dógò, kí ni mo ṣe sí ìwé?”

“Ẹ buwọ́ lù ú, sà.”

“Tíṣà kì í tẹ̀ka, Ràṣídì. Bí ojú mi méjèèjì tilẹ̀ fọ́, ọwọ́ mi mọ orúkọ mi.”

Ràṣídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ó mú páàdì aró, ó gbé bàbá sínú ọkọ̀, ó di Òmù.

Ọlátúnjí ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ojú rẹ̀ yí nígbà tó rí ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣagídí.

“Bàbá ló tẹ̀ ẹ́! Arúgbó ni, ó ti gbàgbé! Mo fi Bíbélì búra!”

“Má fi Bíbélì búra, fi àtàǹpàkò,” Ràṣídì wí. Ó ṣí páàdì. Tíṣà kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀: kò jọ ọ́. Ọlátúnjí tẹ tirẹ̀: kò jọ ọ́. Àwọn ará ilé kejì ti kún ẹnu ọ̀nà. Èjìdé ká ọwọ́ sínú ìró.

“Ìyàwó, ó kù ọ́,” Ràṣídì wí.

“Kí ló kàn mí nínú oko wọn? Ọwọ́ mi ń dùn mí!”

Obìnrin kan láti ilé kejì fa ọwọ́ náà jáde. Àpá ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ pín àtàǹpàkò rẹ̀ sí méjì, gẹ́lẹ́ bí ti inú ìwé. Èjìdé bú sẹ́kún, ó nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. “Ọlátúnjí ló ní kí n tẹ̀ ẹ́! Ó ní ọmọbìnrin kan ò ní gba ogún mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ayé!”

Ọlátúnjí kúnlẹ̀. “Bàbá, èṣù ló tì mí.”

“Pè é,” Tíṣà wí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo ní o pe àbúrò rẹ, lójú gbogbo ayé.”

Nọ́ńbà tí wọ́n ní ó ti pààrọ̀ náà kò yẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì péré.

“Bọ̀dá Ọlátúnjí?” Ohùn Moyọ̀sọ́rẹ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. “Ṣé Bàbá ti dárí jì mí?”

Tíṣà gba fóònù, gbogbo ohun tó ti rò láti oṣù kẹrin sá lórí rẹ̀.

“Moyọ̀. Èmi ni.”

“Bàbá! Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́. Mo sanwó oko, wọ́n ní inú ṣì ń bí yín. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ‘father’ àti ‘mother’, mo sì ń sunkún ní kíláàsì.”

“Irọ́ ni, ọmọ mi. Kò sọ́jọ́ kan tí mi ò retí rẹ.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Ràṣídì gba ọ̀kadà Ọlátúnjí dípò àsansílẹ̀ rẹ̀. Ẹbí pe Ọlátúnjí jókòó, wọ́n fa ìwé ayédèrú ya lójú rẹ̀, wọ́n ní kò ní fẹsẹ̀ tẹ oko náà bí Tíṣà bá wà láàyè. Èjìdé kó ẹrù lọ sí Ìgbólé, ilé bàbá rẹ̀, nítorí kò lè rìn lọ́jà Òmù kí wọ́n má sọ fún un pé kó fi àtàǹpàkò hàn àwọn. Ọlátúnjí ṣì wà nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, òun náà sì ń mu gààrí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Tíṣà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù tuntun. Moyọ̀sọ́rẹ pè.

“Ṣé wọ́n ti san ti oṣù yìí?” ló bi í.

“Rárá o, Bàbá. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí Ràṣídì kò gbà, Ràṣídì náà ló bá a wá ọ̀nà tó fi rékọjá òkun lọ́jọ́ Jímọ̀.

“Lọ wo báńkì rẹ, Moyọ̀. Tíṣà kan ti san owó oṣù rẹ. Kóo fi ẹyin sí ìrẹsì alẹ́.”