Ọ̀nà Méjì Nínú Ẹ̀rọ Màmá

"Ìyá Ìbéèrè, ó tó wàyí o. Mo fẹ́ wọlé síbi iṣẹ́."

Ohun tí màmá máa ń sọ nìyẹn láràárọ̀ tí aago mẹ́jọ bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ rẹ̀ á sì mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun ti fẹ́ kú. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé, òun náà ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, torí láti ìgbà tó ti la ohùn ni kò ti jẹ́ kí àgbàlagbà kankan sinmi. Kí ló ń yí fáànù? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin? Màmá á dáhùn títí, á wá ní, "Ó yá, lọ béèrè èyí tó kù lọ́wọ́ tíṣà yín."

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni màmá ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà á sọ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn sínú ẹ̀rọ, màmá á fi gbohùngbohùn sétí, á sì tẹ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gbá a lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kò lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn mọ́, orí òkè kẹrin ló sì wà. Ó bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà pé kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ irin kékeré abẹ́ tábìlì tó ń dá ohùn dókítà dúró.

Kí ọ̀rọ̀ aláìsàn má baà bọ́ sétí ẹni tí kò kàn, ilé ìwòsàn fún un ní VPN, ìyẹn ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan tó lọ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Módẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ló sì wà nílé, ara kọ̀ǹpútà náà ló wà. Ibi tí wọ́n ń ki síìmù sí lára fóònù ọmọ ti kán, nítorí náà, ara kọ̀ǹpútà màmá lòun náà ti ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí màmá bá ti wọ VPN, ohun gbogbo á gba ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà wọn kì í sì í gba ohun tí kì í bá ṣe tiwọn kọjá. Fóònù ọmọ á wá máa yí bìrìpé lásán.

Màmá kò fẹ́ kó dun ọmọ òun. Aago márùn-ún ìdájí ló ti ń jí, tẹsẹ̀ dídùn tẹsẹ̀ dídùn, kó lè tan ẹ̀rọ fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ló kìlọ̀ fún un: "Má fọwọ́ kan nǹkan kan tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn."

Ìsinmi dé. Tíṣà ìṣirò kan, tó ń kọ́ ogún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ fún ìdánwò àṣekágbá, gbé kíláàsì rẹ̀ lọ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ìyá Ìbéèrè ti pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ro ẹjọ́ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Gbogbo-ló-mọ̀. Ọ̀rẹ́ fi í rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn nìkan? Ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò VPN yẹn. Wàá rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fàmì sí. Yọ àmì yẹn. Ti ọ́fíìsì á máa gba ọ̀nà ọ́fíìsì, tìẹ á máa gba ọ̀nà tìẹ."

"Kò ní ba iṣẹ́ màmá mi jẹ́?"

"Èmi ni mo ń sọ fún ẹ!"

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó tún béèrè, lọ́dọ̀ màmá rẹ̀ sì ni. Ìyẹn gan-an ni kò béèrè. Ẹ̀rù bà á pé màmá á sọ pé rárá. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí màmá wà ní balùwẹ̀, ó yọ àmì náà.

Ó ṣiṣẹ́! Aago mẹ́sàn-án lù, ojú tíṣà yọ gbàgà lórí fóònù. Màmá náà jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ohùn dókítà ń wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jọ gbádùn bẹ́ẹ̀, màmá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa.

Ní ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá àwọn atẹ̀wé ilé ìwòsàn pe màmá. Màmá fi fóònù sórí tábìlì kọ́wọ́ rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ, gbogbo yàrá sì ń gbọ́.

"Ìyá, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, a ò rí lẹ́tà kan ṣoṣo gbà."

"Ọ̀gá, mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ tún wò ó."

"A ti wò ó. Bàbá àgbàlagbà kan ò fẹnu kan nǹkan láti àná nítorí iṣẹ́ abẹ. Lẹ́tà dókítà ò dé, wọ́n ní kí bàbá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó wà lókè ti ń sọ pé kẹ́ ẹ padà sí ọ́fíìsì tàbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

 Ọwọ́ màmá kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń fi í ra orúnkún ọ̀tún.

Ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó lè dákẹ́. Ó lè dá àmì náà padà ní jẹ́ẹ́ bí màmá bá dìde, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kíláàsì sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ra orúnkún yẹn ni kò lè mójú kúrò lára rẹ̀.

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo yọ àmì kan nínú VPN kí n lè rí kíláàsì mi. Ẹ má bínú, màmá."

 Màmá tẹ̀ síbi fóònù. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù. Ọmọ mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.  Ọ̀gá gbé fóònù fún obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Wáyà.

"Ọ̀rẹ́ ẹ mọ ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ òpin," ni Àǹtí Wáyà wí. "Yàrá méjì la ní nínú ẹ̀rọ wa níbí. Inú ọ̀kan làwọn ohùn dókítà wà, èkejì la ń kó lẹ́tà sí. Nígbà tí àmì yẹn wà níbẹ̀, àwa la ń júwe ọ̀nà fún ẹ̀rọ ìyá ẹ. O yọ ọ́, ó wá mọ yàrá kan, kò mọ ìkejì. Inú ẹ̀rọ ìyá ẹ ni àwọn lẹ́tà ń kóra jọ sí. Dá àmì náà padà kíá."

Ó dá a padà. Lẹ́tà mọ́kànlélógójì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn fi lọ, aago mẹ́sàn-án ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Kíláàsì kẹta ti lọ nìyẹn, àyè rẹ̀ sì bọ́ lóòótọ́.

"O ò ṣe bi mí?" ni màmá béèrè. "Ìwọ tó o máa ń bi mí ní gbogbo nǹkan."

"Ẹ̀rù ń bà mí kẹ́ ẹ má sọ pé rárá."

"Ǹ bá ti pe ilé ìwòsàn. Ṣé o rò pé mi ò rí i bí fóònù ẹ ṣe ń yí?" Ọmọ náà bú sẹ́kún, màmá sì fà á mọ́ra.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àǹtí Wáyà pè. Ó ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún yọ àmì yẹn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó júwe ọ̀nà yàrá méjèèjì fún ẹ̀rọ náà, ó sì yẹ gbogbo ààbò rẹ̀ wò. Iṣẹ́ aláìsàn á máa gba ọ̀nà kọ̀rọ̀, ìyókù á máa gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ bàbá yẹn láàárọ̀, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, oúnjẹ ló ń béèrè. Màmá sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ gbọ́ èyí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí ayọ̀, ó wá rántí pé obìnrin lòun, ó kúnlẹ̀, àfi bíi pé Àǹtí ń rí i. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Tíṣà kò dá àyè padà, òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ó gbà kí Ìyá Ìbéèrè máa wo fídíò kíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí rẹ̀. Báyìí, ìyá àti ọmọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà láàárọ̀, ẹsẹ̀ òsì màmá ń tẹ irin, ọmọ ń yanjú ìṣirò. Màmá kì í sì í jí ní aago márùn-ún mọ́.

Ọmọ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí Àǹtí Wáyà, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èsì dé: "Mo gbọ́. Bí ìbéèrè míì bá wà, bi mí kó o tó fọwọ́ kan nǹkan." Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló fi ránṣẹ́ padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tí ọmọ yìí ń jí gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà ì bá ti bá a wá a bó bá sọ. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè jẹ́wọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn ń ru ẹ̀bi yín.