Omi Tí Bámikẹ́ Kò Mu

"Ẹ rọra o, Màmá. A ò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje."

"Ta ló ń sáré? Ẹsẹ̀ mi ló ń kánjú, èmi fúnra mi ò kánjú."

Rọ́fíàt bú sẹ́rìn-ín, ó tún apá ìyá bàbá rẹ̀ dì mú. Oòrùn ò tíì yọ. Àwọn méjèèjì ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà ìsun omi ní abà Ìdí-Àgbọn, tí kò jìnnà sí Joga-Orílé. Bí Màmá bá rìn díẹ̀, á dúró kí ẹni tó ń gbálẹ̀, á béèrè ọmọ, á béèrè ewúrẹ́, á sì tún máa lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó bá ìkíni jáde ni. Ó kàn ń fi ìkíni sinmi ni.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá kò lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, òòyì ń kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Nọ́ọ̀sì Purity, tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ojú títì, fún un lóògùn, ó sì bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kó dín iyọ̀ àti magí kù, kó jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo rẹ̀, kó máa mu omi tó mọ́, kó sì máa rìn jẹ́jẹ́ láràárọ̀.

"Ṣé torí kí n lè pẹ́ láyé lẹ ṣe fẹ́ fi ọbẹ̀ àtẹ́ pa mí?" ni Màmá bi í. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Rọ́fíàt gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́yìn ilé. Òun ló ń sè é, òun ló ń pọn omi, òun náà ló ń mú Màmá rìn. Nígbà tó yá, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Màmá wá ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́ báyìí: kí òun fi ẹsẹ̀ ara òun rìn dé ilé àbúrò òun obìnrin ní Joga, ẹni tí òun kò fojú kàn láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

"Ẹ má gbé mi sórí ọ̀kadà o," ni ó máa ń wí. "Mo fẹ́ kó rí mi lókèèrè tí mò ń bọ̀."

Ìsun omi yẹn ni gbogbo abà gbójú lé. Abẹ́ àpáta ló ti ń jáde, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í gbẹ ẹ́. Àwọn àgbà mọ ògiri yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n fi páànù bò ó lórí, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn sí i, wọ́n sì fi páìpù fa omi náà síta, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń pọn ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ògiri náà àfi ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe láfún, odò ìsàlẹ̀ ni kó gbé e lọ. Ní abà tí ilé gbogbo ti ń ṣe láfún, òfin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ẹni tó bá ti gbóòórùn omi ẹ̀gẹ́ rí kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Ọwọ́ Rọ́fíàt ni Baálẹ̀ Ọ̀ṣunníyì fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sí, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ ìlera ilé ìwé wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló sì ń gbá ibẹ̀. "Kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ," ni Baálẹ̀ wí. Rọ́fíàt fi okùn so ó mọ́ ọrùn, ó sì ń gbé àyà bí ọlọ́pàá.

Bámikẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti jọ ń rìn, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ìkejì kò jìnnà. Bámikẹ́ kì í kàn kí Màmá kó sì jókòó bí àlejò. Á ti kọ́kọ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò ná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìdánwò àṣejáde ti ń sún mọ́lé, Bámikẹ́ fa Rọ́fíàt sábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Ilé wa ò ṣe é kàwé. Bí mo bá ti ṣíwèé báyìí, Màmá mi á ní kí n wá bó ẹ̀gẹ́. Inú ìsun yẹn tutù, ó sì dákẹ́. Yá mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n máa lọ kàwé níbẹ̀."

"Baálẹ̀ ní kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi."

"Èmi náà ti wá di ará ìta? Àbí mo fẹ́ gbé omi sá lọ ni?" Ojú Bámikẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. "Kò burú. Ìwọ mọ̀wé ní tìrẹ. Bí èmi bá fìdí rẹmi, wàá wá bá mi kẹ́dùn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rọ́fíàt lára. Ó mọ òfin, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀rẹ́ ló ń wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò rántí ojú Baálẹ̀. Ó bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ìwé kọ́ ni Bámikẹ́ lọ kà. Odò ìsàlẹ̀ ti gbẹ di ẹrẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti hú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti hú kì í dúró de òjò, kíá ni yóò bàjẹ́. Ni tìyá tọmọ bá gbé àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó wọ inú ìsun, wọ́n rì wọ́n sínú omi lẹ́yìn àpáta, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn padà. Páìpù wà níta, àpò wà nínú. Ta ló máa rí i?

Nígbà tó ṣe, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kan díẹ̀. Rọ́fíàt bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè.

"Ewé ló ń já sínú ẹ̀," ni Bámikẹ́ dáhùn láìgbé ojú sókè. "Mò ń kó o kúrò. Má ṣèyọnu."

"O ṣé o, ọ̀rẹ́ mi," ni Rọ́fíàt wí. Ẹ gbọ́ ọ ná: ó tún dúpẹ́!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bámikẹ́ yà kí Màmá. Bí ó ti jókòó, Màmá ní kí Rọ́fíàt bu omi wá látinú àmù. Rọ́fíàt bu ife méjì, ó gbé ọ̀kan fún Màmá, ó sì na ìkejì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo ti mumi nílé," ni Bámikẹ́ wí. Kò pẹ́ ló yọ píọ́wọ́tà nínú báàgì rẹ̀, ó fi eyín já a, ó sì ń fà á mu.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti di ọmọ ọlọ́rọ̀. Omi inú ọ̀rá ló kù tó ń mu." Ó gbé ife tirẹ̀, ó sì fa imú díẹ̀. "Omi yìí mà ń kan, Rọ́fíàt."

"Ewé ló já sínú ìsun, Màmá. Bámikẹ́ ń bá wa kó o. Ẹ mu ún, kò ṣe nǹkan."

Màmá mu ún tán. Bámikẹ́ ń wò ó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń bì. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Purity, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, kò sì lè gbé apá. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láti ilé mìíràn ti wà lórí ẹní níbẹ̀, wọ́n ń sunkún inú rírun. Nọ́ọ̀sì fa omi sí Màmá lára. Ó ní ara àgbà kì í fara da irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nítorí náà kí wọ́n máa gbàdúrà.

Bámikẹ́ sáré dé. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó sì ń sunkún ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Rọ́fíàt, tí inú ń run òun náà díẹ̀, gbé orí lé èjìká rẹ̀.

"Kí ló mu? Kí ni gbogbo wọn jọ mu?" ni Nọ́ọ̀sì bèèrè. "Ohun yòówù kó jẹ́, ẹni tí kò bá mu nínú ẹ̀ kò ní ṣàìsàn."

Rọ́fíàt gbé orí kúrò ní èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó. Ara Bámikẹ́ le, ojú rẹ̀ dán, nǹkan kan ò ṣe é. Ó rántí píọ́wọ́tà. Ó rántí ife tó nà sí i tí kò gbà, àti bí ó ti ń wo Màmá títí tó fi mu tirẹ̀ tán.

Rọ́fíàt dìde, ó sì gba ọ̀nà ìsun lọ. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó gun ògiri, ó sì ká etí páànù sókè. Òórùn tó bì lù ú fẹ́rẹ̀ẹ́ taari rẹ̀ ṣubú. Àwọn àpò náà nìyẹn lójú ìsun, tí omi funfun ń ṣàn lára wọn lọ sínú páìpù.

Inú ń bí i, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìbínú yẹn kọjá ẹkún. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bámikẹ́ bá a níbẹ̀. Ó ti sáré tẹ̀ lé e.

"Rọ́fíàt, jọ̀ọ́. Ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A rò pé omi tó ń ṣàn á gbé e lọ."

"O mọ̀ pé kò gbé e lọ. Ìwọ ò mu ún."

Bámikẹ́ tẹjú mọ́lẹ̀.

"O jókòó sílé wa. O ń wo Màmá bí wọ́n ṣe ń mu ún."

"Jẹ́ ká sọ pé àgádágodo ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀," ni Bámikẹ́ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sọ ọ́, àwa méjèèjì la wọ gàù."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Rọ́fíàt rò ó títí wọ́n fi pe ìpàdé lójúde Baálẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tí Baálẹ̀ Ọ̀ṣunníyì bèèrè bóyá ẹnì kan ṣílẹ̀kùn ìsun, Rọ́fíàt kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo fún Bámikẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, Bàbá. Ó ní òun fẹ́ máa kàwé níbẹ̀. Àpò ẹ̀gẹ́ wọn wà nínú ìsun báyìí."

Ariwo sọ. Ìyá Bámikẹ́ dorí kodò. Bámikẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ya Rọ́fíàt lẹ́nu jù lọ lọ́jọ́ náà.

"Ó mọ̀ sí i, Bàbá. Ó ní bí láfún bá gbẹ, kí n bu tòun fún òun."

Rọ́fíàt yíjú sí i. Ọmọ tí wọ́n jọ pín àkàrà láti kékeré ló ń purọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, tí ojú rẹ̀ ò sì ṣẹ́.

Baálẹ̀ mi orí. "Bámikẹ́, ta ló máa torí ìwọ̀n láfún kan fi omi ẹ̀gẹ́ fún ìyá àgbà rẹ̀ mu? O ti ba omi jẹ́, má tún ba ẹnu ara rẹ jẹ́." Ó wá yíjú sí Rọ́fíàt. "Ìwọ náà. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

"Gbogbo abà ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó o fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ?"

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bámikẹ́, wọ́n sì yọ Rọ́fíàt nípò olórí ẹgbẹ́ ìlera. Ilé Bámikẹ́ ló fọ ìsun náà títí omi fi mọ́ padà, àwọn náà ni wọ́n sì ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn fún àwọn ilé tó ní aláìsàn.

Màmá kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n agbára tó ti fi gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn kó jọ ti lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ọ̀kadà ló gbé e lọ sí Joga. Ènìyàn méjì ló gbà á sọ̀kalẹ̀ lójú àbúrò rẹ̀, Màmá sì gbé gèlè bo ojú kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń sunkún.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, dé ìdí tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé. Omi tí wọ́n bá pọn, Rọ́fíàt á sè é kó tó dà á sínú àmù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bámikẹ́ ń kọjá, ó sì kúnlẹ̀ kí Màmá láti ojú ọ̀nà. Màmá dáhùn. Rọ́fíàt náà dáhùn, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e.

Nígbà tó ti lọ tán, Màmá gbé ara lé ọ̀pá rẹ̀. "Ṣé o ti dárí jì í?"

"Mo ti dárí jì í, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọkàn tán an mọ́."

"Kò burú," ni Màmá wí. "Èmi náà ti dárí jì ọ́."

Rọ́fíàt dúró gbagidi. Láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń káàánú, ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Kò rò ó rí pé Màmá pẹ̀lú fọkàn tán ẹnì kan, àti pé ẹnu ẹni náà ló sọ fún un pé, "Ẹ mu ún, kò ṣe nǹkan."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ wa kì í ṣe ohun tí a lè fi tẹ́ ọ̀rẹ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá fi omi ìlú tọrẹ fún ẹnì kan, ìlú ló dà, ẹni tó fẹ́ràn jù lọ sì lè wà nínú àwọn tí yóò mu ún.

"Dìde," ni Màmá wí. "Fún mi lápá rẹ. A ò tíì dé ìdí tẹ̀tẹ̀."