Ohùn Tó Wà Nínú Téèpù Idwal

“Irọ́ ńlá nìyẹn!” Callum pariwo, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì bú sẹ́rìn-ín. “Apá keje? Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra wọn ti pa rẹ́ kí bàbá mi tó dáyé? Bàbá àgbà ẹ ló wá ní in lọ́wọ́! Nerys, fi wá sílẹ̀ jàre.”

Ojú ti Nerys. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé bí Atukọ̀ Ìràwọ̀, eré orí tẹlifíṣọ̀n tó pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún náà. Ayẹyẹ ti gba gbogbo ìlú Pontypridd kan. Àwọn aṣebúrẹ́dì ń ta kéèkì tó rí bí ọkọ̀ òfuurufú, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré náà nílé ẹ̀kọ́ sì ti gba gbọ̀ngàn ìlú fún ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ àyájọ́ gan-an.

“Ohùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ bàbá àgbà mi, kì í ṣe àwòrán,” Nerys ní. “Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ téèpù síwájú tẹlifíṣọ̀n.”

“Ó dáa, gbé e wá ká gbọ́. Tó ò bá lè gbé e wá, pa ẹnu ẹ dé.”

Òótọ́ sì lọmọ náà sọ o. Idwal, bàbá ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, tọ́jú téèpù náà sínú páálí bàtà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gbọ́ ọ lọ́dún, ní ọjọ́ àyájọ́, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Nígbà tí Nerys tọrọ rẹ̀, ńṣe ni bàbá mi orí.

“Má fọwọ́ kàn án. Ó ti gbó, kò gba wàhálà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré...”

“Mo ti sọ̀rọ̀, Nerys.”

Ká ní ó gbọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bàbá wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ síbi tí ẹgbẹ́ akọrin wọn ti ń kọ́ orin. Kò tíì dé ìkóríta tí Nerys ti gun àga. Ó gbé páálí náà, ó di ilé Callum.

Callum ti yá ẹ̀rọ àtijọ́ kan lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ó ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohùn atukọ̀ jáde, ohùn tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí! Àwọn méjèèjì di ara wọn mú. Ó ku díẹ̀ kó parí, níbi tí atukọ̀ ti ń dágbére fún ayé, ni ohùn obìnrin kan bá já wọlé láti ẹ̀yìn: “Idwal! Ọbẹ̀ ẹ ti ń tutù o! Ṣé ìràwọ̀ lo máa jẹ lálẹ́ òní?”

“Háà! Ta lèyí?” Callum ní. “Ibi tó dùn jù ló wá bà jẹ́. Jẹ́ ká gé e kúrò.”

Nerys rẹ́rìn-ín. “Gé e dànù. Ariwo lásán ni.”

Callum gé e. Èyí tó mọ́ ló fi pamọ́, ó pa èyí tó kù rẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń yí téèpù padà sẹ́yìn, ó há sínú ẹ̀rọ. Kí Callum tó fa wáyà yọ, apá ìparí rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, ó ti lọ́ mọ́ra bí ìfun adìẹ.

“Má sọ fún bàbá àgbà ẹ,” Callum sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ṣebí a ti ní i nínú kọ̀ǹpútà. Kí ló tún kù?”

Nerys dá a padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Fún ọjọ́ méjì, bí bàbá bá ti gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù, Nerys á sá kúrò ní yàrá.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Callum pe orúkọ Nerys sórí pèpéle, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti rí Idwal ní ìlà kẹta. Bàbá tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò ní lè wá! Ó fẹ́ fi wíwá rẹ̀ ya ọmọ lẹ́nu ni.

Ohùn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀. Idwal kọ́kọ́ wo Nerys, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló di ojú. Nígbà tó kan ìdágbére, bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí. Ibẹ̀ kọjá. Atukọ̀ dágbére tirẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́nu. Ariwo ayọ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn. Idwal lajú, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí Nerys fi máa sáré délé, páálí ti wà lórí tábìlì.

“Ohùn ìyá mi dà?”

“Bàbá... a gé e kúrò. A rò pé ariwo ni.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí mo gba ohùn yẹn sílẹ̀ ni wọ́n kú. Kò síbòmíì láyé tí ohùn wọn wà. Àbí o rò pé tìtorí atukọ̀ ni mo ṣe ń tilẹ̀kùn?”

Nerys bú sẹ́kún. “Ẹ ò sọ fún mi!”

“Mo ní má fọwọ́ kàn án. Ṣé ìyẹn ò tó ni?”

Bàbá mú abẹ jáde, ó ní kí Nerys gbé iná sún mọ́ òun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń lẹ téèpù náà ní wẹ́wẹ́, wọ́n ń ju èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nù. Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, bàbá tan ẹ̀rọ tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀kùn. Ìdágbére dé. Nerys di àga mú ṣinṣin.

“Idwal!” ni ohùn náà pè. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́ àfi atukọ̀.

Omi dà lójú bàbá. “Orúkọ mi nìkan ló ṣẹ́ kù,” ó ní. Kò sọ pé kò burú, nítorí ó burú.

Nerys gbé ohùn sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrò: “Ọbẹ̀ ẹ ti ń tutù o. Ṣé ìràwọ̀ lo máa jẹ lálẹ́ òní?”

“Kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn,” bàbá ní. “Ṣùgbọ́n tún un sọ.”

Lọ́jọ́ Ajé, Nerys dúró níwájú ẹgbẹ́, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Callum kò lè gbójú sókè. “Bàbá àgbà mi ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án nítorí kí ẹ lè yìn mí,” Nerys ní. “Ẹ ti yìn mí tán báyìí. Bí onínǹkan bá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan òun, kò dìgbà tó bá ṣàlàyé ká tó gbọ́. Ohun tí mo pè ní ariwo, ìyá ẹnì kan ni.” Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ, àbámọ̀ kì í sì í lẹ téèpù.