Àmì Àbọ̀ Létí Adágún

Péléńgé ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.

Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Tó, tó, tó, lórí páànù.

Bàbá àgbà jókòó sí ojú fèrèsé. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti kú, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àga Ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i.

Òjò dá. Péléńgé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò rẹ̀. Ó lọ dúró níwájú Bàbá àgbà.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ sí adágún."

"Ojú ọjọ́ kò dáa."

"Òjò ti dá, sà."

"Orúnkún ń dùn mí."

"Ẹ ó di ọwọ́ mi mú."

Bàbá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí atẹ́gùn lè gbé lọ? Èmi ni màá dì ọ́ mú."

Ó sì dìde.

"Ẹ má pẹ́ o!" ni ìyá Péléńgé ké láti ilé ìdáná. "Ẹ má sì sún mọ́ omi!"

Adágún náà tóbi. Ó dúdú lọ́jọ́ náà, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀nà tóóró kan gba etí rẹ̀ lọ láàárín igi, títí dé ìdí òkúta ńlá kan. Àwọn tó bá fẹ́ gbafẹ́ ló máa ń rìn ín.

Bàbá àgbà ló ń tọ́jú ọ̀nà náà, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ń fi ọ̀dà funfun kun àmì sára igi, kí ẹni tó ń rìn má baà ṣìnà. Ọdọọdún ni òjò máa ń fọ ọ̀dà náà dànù; oṣù tó kọjá ló tún wọn kùn. Òun nìkan.

Péléńgé rí àmì àkọ́kọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Pá!

"Mo rí ọ!"

Ó rí òmíràn. Pá! "Mo rí ìwọ náà!"

Pá! Pá! Pá! Títí wọ́n fi dé ìdí òkúta ńlá.

Wọ́n jókòó. Wọ́n pín búrẹ́dì. Omi ń gbá òkúta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Pó. Pó. Pó.

"Ìyá rẹ àgbà fẹ́ràn ibí yìí," ni Bàbá àgbà wí. Kò jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ tán.

Nígbà náà ni kùrukùru gbéra láti orí omi.

Ó ń wọ́ bọ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ mì. Ó gbé adágún mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi mì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dìde," ni Bàbá àgbà wí. "Ilé yá."

Wọ́n dé ìdí igi kan. Kò sí àmì.

Wọ́n dé ìdí igi mìíràn. Kò sí àmì.

Wọ́n dé ìdí igi kẹta. Kò sí àmì níbẹ̀ náà. Ewé tó já sílẹ̀ sì ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀.

"Bàbá àgbà, àwọn àmì dà?"

Bàbá àgbà dúró. Ó wo igi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Yéè," ó ní, wẹ́lẹ́. "Ojú àlọ nìkan ni mo kùn."

"Báwo, sà?"

"Bí èmi àti ìyá rẹ àgbà bá ń ṣiṣẹ́, èmi á ṣáájú, òun á tẹ̀lé mi. Èmi á kun iwájú igi, fún ẹni tó ń lọ. Òun á kun ẹ̀yìn rẹ̀, fún ẹni tó ń bọ̀. Ogójì ọdún. N kì í bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

"Lóṣù tó kọjá ńkọ́?"

"Mo kun iwájú. Mo sì lọ sílé."

"Ẹ gbàgbé ẹ̀yìn."

"Mo gbàgbé pé kò sí lẹ́yìn mi mọ́."

Péléńgé wo kùrukùru tó yí wọn ká.

"Ṣé a ò ní délé mọ́ ni?"

Bàbá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

Péléńgé fa imú. Ó ronú. Ó yí igi náà ká, ó lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ó yí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká.

"Ó wà níbí! Bàbá àgbà, kò sọnù! Ẹ̀yìn ló kọ sí wa!"

Bàbá àgbà tiro wá. Ó fọwọ́ kan àmì náà. Òótọ́ ni.

"Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò lè máa yí igi ká nínú ẹrẹ̀ yìí, Péléńgé."

"Tèmi lè ṣe é. Ẹ dúró ti èyí. Ẹ máa pè mí. Bí mo bá rí òmíràn, ẹ máa bọ̀."

Bàbá àgbà wo kùrukùru. Kò fẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ká ti ṣe é?

"Bí ohùn mi bá ti ń jìnnà sí ọ, padà. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó lọ.

"Péléńgé o!"

"Òoo!"

Igi kan. Kò sí. Igi mìíràn. Kò sí. Igi mìíràn.

"Ó wà!"

Bàbá àgbà tiro bọ̀. Ó fọwọ́ ti igi náà. Péléńgé tún lọ.

"Péléńgé o!"

"Òoo!"

Kò sí. Kò sí. Kò sí. Ó wà!

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, láti igi dé igi. Lẹ́yìn náà, Péléńgé gbẹ́sẹ̀ kan síwájú.

Ṣùú!

Omi wọ inú bàtà rẹ̀. Ó tutù nini. Adágún ni! Ó yíjú. Funfun ni níwájú. Funfun ni lẹ́yìn. Kò mọ ibi tó ti wá.

"Péléńgé o!"

Ó ya ẹnu. Ohùn kò jáde.

"Péléńgé o! Péléńgé!" Ohùn Bàbá àgbà ti ń gbọ̀n.

Péléńgé fi gbogbo agbára rẹ̀ ké.

"Òoo! Mo wà nínú omi!"

"Dúró! Má gbẹ́sẹ̀! Fetí sílẹ̀!"

Bàbá àgbà ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi. Pá! Pá! Pá!

Péléńgé yíjú sí ìró náà. Ó fa ẹsẹ̀ yọ. Ṣùú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Pá! Ó gbé òmíràn. Pá! Ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ba ẹ̀wù Bàbá àgbà.

Bàbá àgbà gbá a mọ́ra. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì.

"Ó tó," ni Bàbá àgbà wí. "Jẹ́ ká jókòó síbí."

"Rárá, sà. Mo ti mọ ibi tí omi wà báyìí. N kò ní lọ sọ́hùn-ún mọ́."

Ó yà sí ọwọ́ kejì.

Kò sí. Kò sí. Ó wà!

Kò sí. Ó wà!

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí géètì onígi ilé wọn fi yọ nínú funfun náà. Ẹnì kan dúró níbẹ̀, ó di agbòjò mú. Ìyá Péléńgé ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì! Mo pè yín pè yín, ohùn mi há! Àti bàtà yìí ńkọ́? Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ omi?"

"Màámi, omi ló sún mọ́ wa."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. Hẹ̀! Ẹ̀rín náà kò ju bíńtín lọ. Ìyá Péléńgé gbàgbé ìbínú, ó ń wò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, oòrùn kò yọ. Ojú ọ̀run ṣì rí bí eérú. Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀, kùrukùru kò sì sí.

Bàbá àgbà gbé agolo ọ̀dà. Péléńgé mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Bàbá àgbà ṣáájú. Péléńgé tẹ̀ lé e, ó ń kun ẹ̀yìn igi. Ṣà, ṣà, ṣà.

Bàbá àgbà rìn díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"O wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà."

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, wọ́n yíjú sílé. Bàbá àgbà wo igi àkọ́kọ́. Kò rí àmì. Ó wò ó títí.

"Péléńgé, o kun èyí báyìí?"

"Ẹ wo ìsàlẹ̀, sà. Ibi tọ́wọ́ mi tó nìyẹn."

Bàbá àgbà tẹ̀ ba. Orúnkún rẹ̀ dún: kó! Àmì náà rèé, funfun báláú, ó wọ́ díẹ̀ sápá kan.

Kò ráhùn. Ó lọ sí ìdí igi kejì, ó tún tẹ̀ ba.

Báyìí ni Bàbá àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, títí wọ́n fi délé.