Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kú Nínú Rẹ̀

Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ọmọbìnrin aránṣọ kan, òwú pupa kan há sí irun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó sì dúró láàárín ilé ìkàwé bí ẹni tó wá ra nǹkan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbójú sókè. Ó gbàgbé ohun tó ń kọ. Títí di òní, kò tíì rántí rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ni aránṣọ náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kú nínú ẹ̀."

"Irú ìwé wo? Ìtàn àròsọ ni àbí sáyẹ́ǹsì? Àbí ti ìrìn àjò eléwu, àbí ti ayé àtijọ́?"

"Ẹ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀. Ti bàbá mi ni. Ojú wọn ti fọ́, èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí. Tí mo bá ń ka oríṣi kan ṣoṣo, wọ́n á ní mo fẹ́ fi oorun pa àwọn."

"Ti ayé àtijọ́ máa le díẹ̀ o. Gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló ti kú."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín débi pé bàbá arúgbó tó ń ka ìwé ìròyìn ní kọ̀rọ̀ wúkọ́ mọ́ wọn. Ọkùnrin náà mú un kiri láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Ó fún un ní ìwé nípa àwọn tó kọ́ afárá láyé àtijọ́, èyí tó sọ nípa oyin, ìtàn àròsọ kan tí àwọn àna ń jà nínú rẹ̀, àti ìrìn àjò ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan. Méjì tó kẹ́yìn yìí, kò kà wọ́n rí. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé ló wù ú. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Aránṣọ padà wá, ó tún padà wá. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìpẹ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé bọ́tìnnì já.

"Ọ̀gá Ìwé, bọ́tìnnì wo ló ń já lójoojúmọ́? Ṣé o ń jẹ wọ́n ni?"

"Aránṣọ mi, ojú rẹ ni mo wá wò. Fẹ́ mi, kí bọ́tìnnì lè sinmi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá kọ̀, mi ò ní lè fi wọ́n sílẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n ní látìgbà tí màmá mi ti lọ."

Kó lè rí ọ̀rọ̀ bá bàbá sọ, ọkùnrin náà jókòó ti àwọn ìwé tí wọ́n ti kà. Ó dé ìparí ìwé ọ̀gá ọkọ̀, òógùn bò ó. Ọ̀gá ọkọ̀ kú nígbà tó ti ń rí èbúté lọ́ọ̀ọ́kán. Irú ìwé yìí ni òun fi ránṣẹ́ sí ilé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú!

Ó mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tó lọ kí bàbá. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ méjèèjì lórí ọ̀pá.

"Bàbá, kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo yan ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ ti kú yẹn."

Bàbá yíjú síbi tí ohùn náà ti wá. "Ọ̀gá ọkọ̀ wo ló kú? Ó délé. Ìyàwó ẹ̀ bomi fún un, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi?"

Aránṣọ rọra gbé ife omi tó bù wá fún àlejò kalẹ̀.

"Ìyá àgbà inú ìwé àwọn àna ńkọ́?" ni bàbá bi àlejò.

"Ó kú, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí.

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ṣé ìwọ lo wá ń kọ ìwé látọjọ́ yìí?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Etí nìkan ni mo fi ń rí ayé mọ́, o sì tún ń bu omi là á fún mi."

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibi tí ẹnìkan ti kú, ọwọ́ yín gbọ̀n, Bàbá." Omijé ti dé. "Kì í sì í ṣe torí yín nìkan. Èmi gan-an ò lè kà á jáde."

Ọkùnrin náà dìde. Ó dá a lójú pé òun ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Jókòó," ni bàbá wí. "Ìwé náà dà? Kà á bó ṣe wà."

Ọkùnrin náà kà á. Ọ̀gá ọkọ̀ kú díẹ̀díẹ̀, ó ń béèrè ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa pa ìwé dé, bàbá ń sunkún, ọmọ rẹ̀ sì ti gbórí lé e lórókùn, òun náà ń sunkún. Látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ilé náà, bàbá ń sun ẹkún tirẹ̀ nínú yàrá, ọmọ ń sun tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ jọ sun ún.

"O ṣé, ọmọkùnrin," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn. Ó fọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, o ṣé, ọmọ mi. Nígbà tí o ní ọ̀gá ọkọ̀ délé, mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì." Ó nu ojú. "Kí lo ní ó gbé ọ wá?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà. A ò sì ní fi yín sílẹ̀."

Bàbá na ọwọ́ síwájú, ó ń wá tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ wọn sínú tirẹ̀, ó sì dì wọ́n mú pọ̀. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀ sókè ketekete, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti kú, ó ní kó wá wo ọkọ ọmọ rẹ̀.