Ìdáhùn Ìyá Ti Yá Jù

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Motọ́láyọ̀ ṣí ilé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ní Ìkẹ́rẹ́, tó rí i pé orí tábìlì Ìyá ti ṣófo. Ìyá ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àwọn kéékèèké gbára lé. Inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà, kọ̀ǹpútà tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń mú àlejò wá wò. Motọ́láyọ̀ figbe ta. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òun alára ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń sunkún. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́. Ta ló sì jẹ́ fi alága sùn?

Dípíò, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ní kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Bí ó bá fojú ba kóòtù pẹ́nrẹ́n, lẹ́tà yẹn di bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà.

Inspẹ́kítọ̀ Mojírádé, ọmọ Ìgbàrà-Odò, ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹun ọ̀sán ni. Nígbà tó dé ilé kọ̀ǹpútà, alága fúnra rẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbóhùn sókè.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin Ọlọ́pàá. Ẹ jókòó, ẹ mu míníràá. Oòrùn yìí pọ̀."

Ó mú ìgò kan jáde nínú fíríìjì. Inspẹ́kítọ̀ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Kí ni jẹnẹrétọ̀ yìí ń ṣe, Bàbá? Gbogbo kọ̀ǹpútà yín ló wà ní pípa."

"Torí fíríìjì ni, Mà. Nẹ́pà ò mú uná wá láti àná."

"Ta lẹ rò pé ó gbé Ìyá?"

Alága mi orí. "Mi ò mọ̀. Ọjọ́rú ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó wà l'Adó fẹ́ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn. Gbogbo nǹkan tó bá ti dára nínú ìpínlẹ̀ yìí, àfi Adó! Kò níí ku nǹkan kan nínú ùlú yìí mọ́. Ẹni tó gbé e yìí ti já wọn kulẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yára fi ọwọ́ nù ún. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra ṣe fún Motọ́láyọ̀ o. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn níwèé ní kíláàsì kìíní. Kì í jalè."

Inspẹ́kítọ̀ padà sí àgọ́, ó ní kí wọ́n mú Motọ́láyọ̀ wá.

"Wọ́n rí ọ ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé, ò ń wọ mọ́tò Ẹmùré pẹ̀lú báàgì ńlá. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Uṣu ni, Mà. Uṣu tuntun láti oko bàbá mi. Mo gbé e lọ fún ìyá Olúmúyìwá, àfẹ́sọ́nà mi."

"Olúmúyìwá yìí ló sì ń tọ́jú ilé kọ̀ǹpútà yín ti Ẹmùré."

"Òun ni, Mà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi Ìyá ṣe? Gbogbo ọmọ tí mo tẹ orúkọ wọn síbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù. Bàbá mi ò ní lè yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Mojírádé. Ó ní kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì fún un jókòó.

Bándélé, ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, ló dá ọ̀rọ̀ Ẹmùré sílẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ padà lọ bá a nínú ilé kọ̀ǹpútà, ó ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀.

"Ètò kékeré kan wà nínú eléyìí, Mà, Olùpè ni mo sọ ọ́. Ṣé ẹ rántí bí tíṣà ṣe ń pe rẹ́jísítà? Bẹ́ẹ̀ ló ń pe orúkọ kọ̀ǹpútà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wà lórí okùn wa á dáhùn, bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń sọ pé 'pirẹ́séǹtì, sà'. Olùpè á sì wọn àkókò tí ìpè náà fi lọ tó fi bọ̀. Mo pe Ìyá lónìí, ó dáhùn. Ibi méjì péré ni okùn wa dé, ibí àti Ẹmùré. Kò sí níbí, a jẹ́ pé ó wà ní Ẹmùré."

"Ṣé jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń gbé Olùpè ṣiṣẹ́?"

"Rárá, Mà. Bátìrì lèmi ń lò. Ẹ̀rọ tó ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀ àti àpótí tó so àwọn okùn pọ̀ náà ní bátìrì tiwọn."

"Ó dáa. Pe ọ̀kan ní Ẹmùré kí n rí i."

Bándélé tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n dúró. Inspẹ́kítọ̀ ti ń yanu láti béèrè ohun tó dé kí èsì tó yọ.

"Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹmùré ò kúkú jìnnà."

"Òkè ló dí wa, Mà, Olósùnta àti àwọn yòókù. A ò lè ta rédíò sí wọn tààrà. Ìpè náà máa gòkè lọ bá sátẹ́láìtì, á sọ̀ sí òkè òkun, á tún gòkè, kó tó wá sọ̀ sí Ẹmùré. Ọ̀nà yẹn náà lèsì ń gbà padà. Ó máa ń ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ dáadáa."

"Pe Ìyá wàyí."

Ìka Bándélé kò tíì kúrò lórí bọ́tìnnì tí èsì ti yọ.

"Tún un pè."

Ó tún un pè. Bákan náà ni.

"Ẹnjiníà, ìwọ ń wò bóyá ó dáhùn. O ò wo bí ó ṣe tètè dáhùn tó."

Bándélé ranjú mọ́ nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó di ẹnu mú. "Mà, eléyìí ò dé ọ̀run rárá."

"Kò kúrò nínú ọgbà yìí," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, ó sì dìde. Ó tọ àwọn okùn náà pẹ̀lú ojú. Gbogbo wọn lọ sí orí tábìlì, àfi ẹyọ kan tó wọ inú àjà lọ. "Níbo leléyìí ń lọ?"

"Yàrá ẹ̀yìn tí a fẹ́ sọ di kíláàsì kejì ni. A ti fa okùn àti iná síbẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Alága ló ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n pe alága wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọ̀gá Ajíbóyè tú àpò ọ̀tún, ó tú àpò òsì, ó tún padà sí ti ọ̀tún.

"Ó jọ pé kọ́kọ́rọ́ náà ti sọnù, Mà."

"Kò burú. Bándélé, lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn fún mi, kí a lè gbọ́ra wa sọ."

"Ẹ má pa á!" Bàbá arúgbó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà. "Ẹ dákun, ẹ má pa á! Orúkọ àwọn ọmọ á pa rẹ́!"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò agbádá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá wà nínú yàrá náà lórí àpótí, wọ́n fi aṣọ ìbora bò ó bí ọmọ tuntun, gbogbo iná ojú rẹ̀ ń tàn.

"Bàbá, míníràá tí ẹ fún mi gbóná," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ torí fíríìjì, tí fíríìjì ò sì tutù, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Nígbà tí Ìyá dáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé itòsí ló wà, àti pé ẹni tí kò fẹ́ kí ó kú ló gbé e. Olè ìbá ti yọ gbogbo okùn rẹ̀ dànù."

Bándélé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, Mà. Èmi ni mo sọ fún wọn pé tí Ìyá bá pẹ́ láìsí iná, tàbí láìsí okùn, gbogbo orúkọ inú rẹ̀ á lọ. Irọ́ ni. Torí pé wọ́n ń pa á ṣáá ni mo ṣe fi dẹ́rù bà wọ́n."

"Mi ò jí i," ni Ọ̀gá Ajíbóyè wí. "Adó ni mo gbé e sá fún. Uṣẹ́ ùlú wa ni, àwọn ọmọ wa ni wọ́n rà á fún. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á mú Motọ́láyọ̀."

"Ẹ sì ń wò ó, wọ́n mú un."

"Ojú tì mí. Gbogbo bí mo ṣe ń fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á."

"Ọ̀rọ̀ Adó, inú ìpàdé ló yẹ kí ẹ ti jà á. Ẹ ó kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀, Dípíò ló mọ èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ mú ọmọ yẹn jáde."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Motọ́láyọ̀ rí wọn, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì. Inspẹ́kítọ̀ sọ fún un pé wọ́n ti rí Ìyá, orúkọ àwọn ọmọ pé, kò sì sí kóòtù mọ́. Ó sọ ibi tí wọ́n ti rí i, àti ẹni tó gbé e. Motọ́láyọ̀ yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

Ọ̀gá Ajíbóyè ṣí fìlà. Ohùn tó fi ń pe rẹ́jísítà ní kíláàsì kìíní nìkan ló kù sí i lọ́fun, òun náà ló sì lò.

"Motọ́láyọ̀!"

Kò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ ju kí ìpè lọ sí ojú ọ̀run kó sì padà wá láti Ẹmùré lọ. Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, èjìká rẹ̀ tó ti le láti àárọ̀ sì rọlẹ̀.

"Pirẹ́séǹtì, sà," ni ó wí, ó sì jáde kúrò lẹ́yìn káńtà.