Láàárín Ẹ̀rin àti Àrún

Lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin kan jókòó, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí àwọn aláìsàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ òsì rẹ̀. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé àti nílé ìwé, torí kò sí ohun tí kì í tú wò. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí eré láti wo bí bíréèkì ṣe ń di táyà mú. Bíréèkì mú táyà lóòótọ́. Egungun ọwọ́ rẹ̀ ló kán.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà oníṣẹ́ abẹ tó máa fi irin tò ó máa ń wá, kì í sì í kọjá ọ̀sán. Bí tòní bá bọ́, ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí kan náà ni ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí Oníbéèrè ti ń retí láti ọdún tó kọjá. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ lálẹ́ àná pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ṣe jáde lọ pọn omi, ìyá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fa búrẹ́dì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Gbà, ọmọ mi. Ara tí kò jẹun ò ṣe é gbé kojú abẹ."

"Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ jẹun, Mà."

"Ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ là, àbí ikùn?"

Oníbéèrè ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ikùn. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán, ó sì fi tíì oní-mílíìkì lé e. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé tó bi í bóyá ó ti jẹ nǹkan, "Rárá, Mà" fò jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Yàrá iṣẹ́ abẹ tutù, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì dà bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Obìnrin kan tó dé fìlà àwọ̀ ewé ló dúró lókè orí rẹ̀. Òun ni dókítà akunilóorun. Ìyá Oorun ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ Oníbéèrè níwájú orí. Lójú ẹ̀rọ kan, àwọn ìlà kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́.

"Kí nìyẹn, Mà?"

"Ọpọlọ rẹ ni. Ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ níwájú orí ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó ń gbọ̀n báyẹn?"

"Kíláàsì yín kí tíṣà tó wọlé ńkọ́? Kì í ṣe pé olúkúlùkù ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀? Bí ọpọlọ tó lajú ṣe rí nìyẹn."

"Tí oògùn bá wá wọlé, á dákẹ́?"

"Ohun tí gbogbo èèyàn rò nìyẹn." Ìyá Oorun rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé. "Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dákẹ́. Ńṣe ni gbogbo kíláàsì á máa ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbì ńlá. Ta ló wá máa ráyè sọ ìròyìn fún ẹnì kejì? Abẹ á kan ọwọ́, ọ̀rọ̀ á gbéra láti ọwọ́, á dé ọpọlọ, kò ní rí ẹni tó máa gbà á lálejò."

"Oorun náà kọ́ nìyẹn?"

"A kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá gún ẹni tó sùn lábẹ́rẹ́, á fò dìde. Oògùn tèmi máa ń kun àwọn aṣọ́nà ara pàápàá lóorun. Ọ̀kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun, òun ni í ti ilẹ̀kùn kí oúnjẹ má baà ya sí ẹ̀dọ̀fóró. Tí òun náà bá sùn lọ, tí oúnjẹ sì wà nínú ikùn, oúnjẹ lè gòkè wá, kó ya síbẹ̀. Èèyàn lè gbabẹ̀ kú."

Ó ń mú ìbòmú bọ̀ wá sójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Oníbéèrè rí ìdánwò rẹ̀ lọ́kàn, ó rí tábìlì iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ó rí àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ó rò pé bóyá búrẹ́dì náà ti dà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìbòmú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ dúró, Mà. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo mu tíì. Mílíìkì wà nínú rẹ̀."

Dókítà oníṣẹ́ abẹ wo aago, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ló wí, ó sì jáde.

"Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ìyá rẹ̀ bi í nígbà tí wọ́n gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí n wá máa rán aṣọ fún ta?" Ìyá àgbà kọjú sí ògiri. "Ọwọ́ ni mo rò pé wọ́n fẹ́ là," ó ń kùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, lákòókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ yàrá ìdánwò, Oníbéèrè tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ iná ńlá náà.

"Kí lo jẹ?" Ìyá Oorun bi í.

"Itọ́, Mà. Ìyẹn náà ò pọ̀."

Ìyá Oorun gbé oògùn náà sókè. Funfun báláú ni.

"Háà, Mà! Mílíìkì náà kọ́ lẹ tún fẹ́ fún mi?"

"Èyí ò gba ikùn kọjá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Ó yá, máa kà. N kò tíì rí ẹni tó dé ẹ̀wàá."

"Màá dé e, Mà. Ení." Iná òkè fẹ̀ bí òdòdó. "Èjì." Ohùn àwọn tó wà nítòsí lọ jìnnà, bí ẹni ń pe èèyàn láti òdì kejì odò. "Ẹ̀ta." Bẹ́ẹ̀dì fúyẹ́, ó ń léfòó. "Ẹ̀rin..."

"Àrún," ó wí.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Àrún wo? Wákàtí méjì rèé tí mo ti jókòó síta!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú báńdéèjì tuntun. Kò lá àlá, kò gbọ́ ohùn kankan. Wákàtí méjì ti yọ́ lọ bí iyọ̀ nínú omi, kò mọ ìgbà tó lọ.

Ìyá Oorun na bébà gígùn kan sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà náà kéré, wọ́n sì yára. Lẹ́yìn náà wọ́n di ìgbì ńláńlá, lọ́ọ́lọ́ọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ibi tí o ti ka ẹ̀rin rèé," ó fi ìka tọ́ ọ. "Láti ibí yìí lọ sí ìparí, ìwọ ò sí nílé. Èmi ni mò ń ṣọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi kí o tó lọ ni mo sì fi ń ṣọ́ ọ."

Oníbéèrè fi ìka tọ ipa ìgbì náà dé ìparí bébà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní ìbéèrè kankan.

Ọdún kan gbáko ló fi dúró de ìdánwò náà, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ó lẹ bébà ìgbì náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbé ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òtítọ́ ni kó kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.